Kànga Àgbàlá Wa àti Ibi Tí Bàbá Fẹ́ Sùn

Nígbà tí àbíkẹ́yìn mi wọ yunifásítì, àwọn ará ilé bi mí pé kí ló lọ kọ́ níbẹ̀. Mo ní ẹ̀kọ́ àyíká ni. Wọ́n ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní bó ṣe là á yé mi ni pé ilẹ̀ ni, omi ni, afẹ́fẹ́ ni, àti gbogbo ìdọ̀tí tí àwa èèyàn ń dà sínú wọn. Ìyálé mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wá ibi jókòó sí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n, àwọn sì ni àgbà obìnrin nínú ilé wa.

"Ìdọ̀tí?" ni wọ́n wí. "Ìyàwó, ọmọ rẹ wọ yunifásítì lọ kọ́ ìdọ̀tí? Kí ló ń wá lọ sọ́hùn-ún? Èyí tó wà nínú gọ́tà wa níhìn-ín tó ohun tí èèyàn ń gboyè lé lórí."

Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, àbíkẹ́yìn tí mò ń wí yìí sì ni ìyá tó bí i. Mo ní kó má fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Ilé náà ṣì wà, àwọn tó ni ín ṣì wà nínú rẹ̀.

Ìjẹ̀ṣà ni èmi ti wá. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni ọkọ mi, ilé wọn kò jìnnà sí Ẹnu Ọ̀wá. Ẹ̀wà ni mò ń tà ní ọjà Sángúróòsì. Ọkọ mi ti kú nígbà tí àbíkẹ́yìn yìí ṣì wà ní ilé-ìwé girama, àbúrò bàbá ọkọ mi ló wá dúró bíi bàbá fún un. Àwọn ni olórí ilé. Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Káfíńtà ni wọ́n nígbà tí ara wọn le. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ìyẹn ayé ológun, wọn kì í kan nǹkan kan mọ́ ju ẹsẹ̀ àga tó bá yẹ̀ lọ.

Ohun tó ya ilé lẹ́nu jù kì í ṣe ìwé tí ọmọ náà ń kà. Ara rẹ̀ tí kì í gbé kalẹ̀ ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti wọ ṣòkòtò àti bàtà kánfáàsì, ó ti sáré jáde lọ sí Màrínà, á sì ti sáré padà kí n tó múra ọjà. Ní ilé-ìwé wọn, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tún máa ń lọ gun àpáta lápá Abẹ́òkúta. Wọ́n á so okùn mọ́ ìbàdí, wọ́n á máa fa ara wọn gòkè, tí wọ́n bá dókè, wọ́n á tún sọ̀kalẹ̀. Mo bi í pé kí ni wọ́n lọ mú níbẹ̀. Ó ní wọn ò mú nǹkan kan. Ìyálé mi a máa wo orúnkún rẹ̀ tó bó.

"Orúnkún obìnrin rèé? Ó dà bí orúnkún ẹni tó rákò lọ sí Jerúsálẹ́mù."

Bàbá ní tiwọn máa ń jókòó síwájú ilé láàárọ̀ pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Bó bá ti ń sáré bọ̀, wọ́n á dá a dúró.

"Ta ló ń lé ẹ?"

"Ẹnikẹ́ni ò lé mi, Bàbá. Ẹ káàárọ̀ o."

"A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí o ò bá lé ejò, ejò ń lé ẹ."

"Màrínà ni mo ti ń bọ̀. Kò sí ejò níbẹ̀, mọ́tò ló wà níbẹ̀."

"Mọ́tò gan-an ni ejò."

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa Bàbá dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní ìjókòó ló ń jẹ orúnkún wọn. Bàbá á ráhùn, wọ́n á ní ọmọ yìí fẹ́ pa àwọn, ṣùgbọ́n wọ́n á tẹ̀lé e. Wọ́n á rìn dé Jánkárà, wọ́n á gba ẹ̀yìn padà. Bàbá á máa fi ilé hàn án: ta ló kọ́ èyí, ta ló ta tọ̀hún. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ti yunifásítì pa, tí ọmọ bá wà nílé, ìrìn yẹn ò yẹ̀.

Ilé wa jẹ́ ilé àtijọ́. Àgbàlá wà láàárín, àwọn yàrá yí i ká, kànga sì wà nínú àgbàlá. Bàbá tó bí Bàbá ló gbẹ́ ẹ. Omi rẹ̀ níyọ̀ díẹ̀ lẹ́nu, a kì í mu ún tí ẹ̀rọ ìjọba bá ń yọ. A fi ń fọṣọ, a fi ń wẹ̀, a fi ń fọ abọ́. Bí ẹ̀rọ bá wá gbẹ, tí kì í sì í pẹ́ gbẹ, a ó ju álọ́ọ̀mù sí omi kànga kó lè tòrò, a ó gbé e kaná, a ó mu ún. Bí inú bá ń run ọmọ, a ó ní eyín ló fẹ́ hù.

Nínú àwọn yàrá yẹn ni àwọn baba ilé wà, lábẹ́ ilẹ̀. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà náà, ẹni tó bá gbó sínú ilé rẹ̀, inú ilé rẹ̀ ni wọ́n ń sin ín sí. Ìjọba ní ká jáwọ́, àwọn ilé kan jáwọ́, àwọn kan ò jáwọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ, àlùfáà á wá gbàdúrà nínú yàrá, bíríkìlà á sì rẹ́ ilẹ̀ padà. Ẹni tó gbẹ́ kànga wà ní yàrá ọwọ́ ọ̀tún. Ìyàwó rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ tèmi nìkan ni wọ́n gbé lọ sí itẹ́ òkú, nítorí kò dàgbà tó. Wọ́n ní a kì í tọ́jú òkú ọ̀fọ̀ sílé. Mo máa ń lọ ro koríko ibẹ̀ lọ́dọọdún.

Bàbá ti mú ibi tiwọn. Nígbà tí wọ́n ń fi símẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀ yàrá wọn, wọ́n ní kí bíríkìlà fi apá kan sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, kó gùn tó èèyàn. Ilẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní lé e. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi òòlù fọ́ ilẹ̀ àwọn lọ́jọ́ náà. Bí àlejò bá wọlé, wọ́n á ní, "Rọra, má tẹ ibẹ̀. Ibùsùn mi ni." Ògiri tí ibẹ̀ wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kànga wà.

Ní ọdún tí ọmọ mi fẹ́ ṣe àṣekágbá, olùkọ́ rẹ̀ ní kí olúkúlùkù wọn lọ yẹ nǹkan kan wò ní àdúgbò rẹ̀. Ó mú omi kànga. Ó ní òun máa yẹ omi ìgbà òjò wò, òun máa tún yẹ ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi wa sínú ìgò, á dé e pa, á gbé e sínú ike tí yìnyín wà nínú rẹ̀, á gbé e lọ sí ilé-ìwé.

"Àṣé omi wa níye lórí," ni ìyálé mi wí. "Wọ́n ń rà á ní yunifásítì, àwa sì ń fi fọ ìkòkò."

Ọjọ́ Sátidé kan, mo wà lọ́jà, ẹnìkan sáré wá bá mi. Kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní kí n máa bọ̀ nílé, pé ọmọ mi ti kó sí kànga. N ò mọ bí mo ṣe fi igbá sílẹ̀. Nígbà tí mo dé, àgbàlá kún, àwọn obìnrin ti ká ọwọ́ lé orí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ náà fẹ́ wo rìngì tí wọ́n fi mọ kànga nínú, bóyá ó ti là. Ó so okùn tó fi ń gun àpáta mọ́ òpó, ó bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó sọ̀kalẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyálé mi jáde láti wá fami, wọ́n rí bàtà lẹ́nu kànga, wọn ò rí èèyàn. Ní ilẹ̀ wa, bàtà obìnrin lẹ́nu kànga, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ. Wọ́n figbe ta, ẹ̀rù ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo inú rẹ̀, ariwo ò sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn ọmọ.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nígbà tí ohùn jáde láti inú kànga.

"Ẹ má sunkún! Mò ń bọ̀!"

Ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ sá jáde. Bàbá nìkan ló rìn lọ sẹ́nu kànga, wọ́n fọwọ́ ti rìngì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo inú.

"Ṣé èèyàn ni àbí iwin?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Kí lo ń wá níbẹ̀?"

"Mò ń wo rìngì ni."

"Kí ló ṣe rìngì?"

"Ó ti là lọ́nà púpọ̀. Omi ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé."

"Omi wọ inú kànga, o wá lọ bá a níbẹ̀. Gòkè wá, kí ìyá rẹ tó bá ọ."

Ó fi ẹsẹ̀ ti rìngì, ó ń fi ọwọ́ gba okùn mú, ó gòkè wá pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. A ò rí obìnrin kan tó ṣe irú ẹ̀ rí. Bàbá kọjú sí àwọn èrò, wọ́n ní kí oníkálukú máa lọ sílé rẹ̀, pé iṣẹ́ ilé-ìwé ni ọmọ àwọn ń ṣe. Bí wọ́n ṣe pe "ọmọ mi" yẹn, ó dùn lẹ́nu wọn. Mo gbá a létí kan, mo padà sọ́jà.

Nígbà tí èsì omi jáde, ó pe gbogbo wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́. Ó ní àwọn kòkòrò tí àwọn rí nínú omi náà, inú èèyàn ni wọ́n ti ń jáde. Ó ní ilẹ̀ Èkó, yanrìn ni, omi wà nítòsí lábẹ́ rẹ̀, ohun tí a bá da sí ìhín ló ń rìn dé ọ̀hún. Ṣáláńgá wà lẹ́yìn ilé, ibi tí omi ìwẹ̀ ń lọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn tí a sin náà wà níbẹ̀. Ó ní kí a má mu omi náà mọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, bó bá sì ṣeé ṣe, kí a má sin ẹnikẹ́ni sínú ilé mọ́.

Gbogbo wa la mọ ẹni tó kàn.

"Ìyẹn ni pé àwọn baba wa là ń mu láti ọjọ́ yìí?" ni ìyálé mi bi í.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Kí lo wá sọ? Tún un sọ. Ó ní àwọn baba wa ń wẹ̀ nínú omi wa!"

Bàbá ò bínú. Wọ́n kàn ń wo ọmọ náà.

"Ibo ni kí n lọ?"

"Bàbá, ẹ ò lọ síbì kankan."

"Mo béèrè ni. Ibo?"

"Itẹ́ wà," ni ó wí. "Bàbá mi wà níbẹ̀."

"Bàbá rẹ kú ní rèwerèwe. Ẹni tí ikú bá mú ní rèwerèwe là ń gbé jáde, àti àlejò tí kò nílé. Èmi gbó sínú ilé tèmi. Kí ni mo ṣe tí wọ́n á fi gbé mi jáde?"

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà na ọwọ́ sí wọn lórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n lọ rìn. Wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn.

Bó ṣe rí nìyẹn fún ìgbà díẹ̀. Bàbá pè mí, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀." Mo bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin náà lẹ ń mu omi yẹn. Ẹ̀yin lẹ ń fún àwọn ọmọ kéékèèké mu." N ò sì rí èsì gbé padà fún Bàbá. Àwọn ará ilé ní ọmọ tí Bàbá dúró tì ló fẹ́ lé Bàbá jáde. Wọ́n sọ ọ́ níṣojú mi, wọ́n sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Mo ń lọ sọ́jà mi, mo ń bọ̀. Ohun tí mo rí ni pé ara Bàbá ti ń dínkù, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú tó jìnnà.

Bàbá ló tún dá a sílẹ̀ fúnra wọn. Ọjọ́ Àìkú ni, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Wọ́n fa omi kan láti inú kànga, wọ́n dà á sínú ife gíláàsì, wọ́n gbé e sójú oòrùn.

"Omi yìí mọ́," ni wọ́n wí fún un. "Ojú mi ò tíì fọ́. Ẹni tó bá ní nǹkan kan ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ wọ inú rẹ̀, kó fi hàn mí."

Ọmọ náà ronú. Ó ní àwọn ní àwọ̀ kan ní ilé-ìwé, wọ́n máa ń dà á sílẹ̀ láti mọ ibi tí omi ń rìn gbà. Kì í pa èèyàn lára. Ó ní òun lè da díẹ̀ sílẹ̀ nítòsí ògiri, bí kànga bá mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, òun ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

"Nítòsí ògiri ibo?"

"Níta, lábẹ́ fèrèsé yín."

"Rárá," ni Bàbá wí. Wọ́n mú un lọ́wọ́ wọ yàrá, àwa náà tẹ̀lé wọn. Wọ́n ká ẹní kúrò fúnra wọn. "Ibí yìí gan-an ni kí o dà á sí. Ibi tí màá sùn là ń sọ, àbí? Ibẹ̀ ni ká bi léèrè."

Ìyálé mi ní, "Ẹ̀yin Bàbá, a kì í dán irú èyí wò." Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ káwọn gbọ́ràn.

"Bó bá mọ́," ni Bàbá wí fún ọmọ náà, "ìwọ lo máa tún ẹní mi tẹ́, wàá sì gbẹ́nu dákẹ́."

"Bí kò bá mọ́ ńkọ́, Bàbá?"

"Bí kò bá mọ́, mo mọ ohun tí màá ṣe."

Ó gbé àwọ̀ náà dé láti ilé-ìwé. Ó rí bí iyẹ̀fun pupa, ṣùgbọ́n nígbà tó pò ó mọ́ omi, ó di àwọ̀ ewé tó ń tàn. Ó gbẹ́ ihò kékeré síbi ẹní yẹn, ó da àwọ̀ sí i, ó wá ń da omi tẹ̀lé e, garawa lé garawa. Òjò ń rọ̀ lásìkò náà. Bàbá jókòó sórí ibùsùn, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ẹni tó ń gbin nǹkan.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìyálé mi lọ fami tí wọ́n fẹ́ fi fọṣọ. Mo wà nídìí ààrò, mò ń wò wọ́n. Wọ́n fa omi jáde, wọ́n dúró. Wọn ò figbe ta bíi ti ọjọ́ tí wọ́n rí bàtà. Wọ́n gbé garawa náà, wọ́n rọra gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàbá, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n padà sẹ́yìn. Bàbá jáde, wọ́n wo inú garawa. Omi náà ti di àwọ̀ ewé. Wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n gbé ọwọ́ náà wò.

"Ẹ dà á nù," ni wọ́n wí.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn títí oòrùn fi wọ̀. Ìyálé mi ń sunkún, wọ́n ní itẹ́ ni Bàbá ń lọ yìí, pé ọmọ ti ṣe bó ṣe fẹ́. Ọmọ náà ò yọ̀. Ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, ó ń pè wọ́n pé kí wọ́n wá jẹun, wọn ò ṣílẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ọmọ náà ti sáré jáde, àwọn ọmọ ọmọlanke bẹ̀rẹ̀ sí í já yanrìn síwájú ilé wa. Mo rò pé ẹnìkan fẹ́ kọ́lé ni. Bàbá ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n ń júwe fún àwọn alágbàṣe. Wọ́n gbé yanrìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, wọ́n gbé e dé àgbàlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sínú kànga. Ìyálé mi ṣíwọ́ ẹkún. Àwọn obìnrin ilé jáde pẹ̀lú garawa lọ́wọ́, ẹnu wọn ò lè pa dé. Kò sẹ́ni tó lè bá Bàbá sọ ọ́, ilé wọn ni, kànga bàbá wọn ni.

Ọmọ náà ti Màrínà dé, òógùn bò ó. Ó dúró.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"O ní omi yẹn ò dáa."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ní èmi àti omi ò lè jọ wà lójú kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ṣùgbọ́n..."

"Omi ló ń lọ. Èmi ń dúró."

"Bàbá, mo ṣì nílò omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn! Mi ò tíì parí iṣẹ́ mi!"

Ó ṣe Bàbá bí ẹni tí ohun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí lọ́kàn. N ò rò pé wọ́n rántí pé iṣẹ́ ni kànga jẹ́ fún ọmọ náà. Wọ́n na ọ̀pá sí àwọn alágbàṣe.

"Ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kó bu èyí tó kù."

Ó lọ wo inú kànga. Yanrìn àti omi àwọ̀ ewé ló kù níbẹ̀. Kò bu nǹkan kan. Ó jókòó lórí rìngì pẹ̀lú ṣòkòtò eré rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mi ò sì lè sọ pé ẹ̀rín ni.

"Bàbá, ẹ borí mi."

"A ò bára wa jà," ni Bàbá wí. "O sọ òótọ́, mo gbà á. Ẹ̀yin, ẹ máa dà á."

Bẹ́ẹ̀ ni kànga ṣe lọ. Omi wá di ohun tí a ń jáde lọ wá. A ń tò sí ẹnu ẹ̀rọ òpópónà, bí ẹ̀rọ bá gbẹ, a ń dúró de mẹ́rúwà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ omi rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ò ráhùn sí Bàbá, ọmọ náà ni wọ́n ń ráhùn sí, bí kò bá sí nítòsí, èmi ni. Òun náà mọ̀. Títí wọ́n fi ṣí ilé-ìwé, ó ń ru kẹ́ẹ̀gì láàárọ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, á gbé e fún ìyálé mi ṣáájú. Ó ní ó dára fún apá. Ìyálé mi ní kó má gbàgbé ẹsẹ̀, kó tún lọ.

Ó wá kànga míràn fún iṣẹ́ rẹ̀. Kò rọrùn. Ọ̀rọ̀ ti tàn káàkiri àdúgbò. Bí wọ́n bá ti rí i pẹ̀lú ìgò, àwọn obìnrin á máa pariwo fún ara wọn, "Ẹ ti ilẹ̀kùn o! Ọmọ tó ń dí kànga ti dé!" Ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jánkárà gbà á láàyè níkẹyìn, nítorí ọkùnrin ilé náà ti bá Bàbá ṣiṣẹ́ rí. Ó ṣe iṣẹ́ náà parí, ó gboyè. Bàbá wọ agbádá lọ síbi ayẹyẹ náà. Òun àti Bàbá ti tún ń jọ rìn láàárọ̀ nígbà náà. Bàbá fúnra wọn ló bi mí láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ṣé ọmọ mi ò ní pe àwọn mọ́ ni.

Bàbá kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ó ti ní ilé tirẹ̀. Àìsàn ò pẹ́ lára wọn. Inú oṣù tí òjò ń rọ̀ jù ni. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ká ẹní kúrò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilẹ̀ sì rọ̀ fún wọn. Kò tíì jìn ju orúnkún lọ nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Wọ́n gbọ́n ọn, ó tún sun. Wọ́n gbẹ́ ẹ jìn díẹ̀ sí i, omi pọ̀ sí i. Wọ́n jáde, wọ́n fọwọ́ nu ẹsẹ̀, wọ́n ní àwọn ò mọ èyí tí àwọn máa ṣe.

Gbogbo ilé dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Àkọ́bí Bàbá ọkùnrin ní kí a kúkú gbé wọn lọ sí itẹ́, kó tó di ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yà. Àwọn àbúrò rẹ̀ ní wọn ò gbà. Ẹnìkan ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọ tó mọ̀ nípa omi. Ó ti wà níbẹ̀, ó dúró lẹ́yìn mi.

Wọ́n yà fún un. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú ihò náà, ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gòkè wá.

"Ìgbà òjò ni," ni ó wí. "Omi ti gòkè lábẹ́ gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí ẹ bá sin wọ́n lónìí, inú omi lẹ sin wọ́n sí."

"Itẹ́ ni nígbà náà," ni àkọ́bí Bàbá wí. "Ìwọ náà ti sọ ọ́ tipẹ́."

Mo wò ó. Ohun tó ń fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò ní bá a jiyàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni báyìí, wọ́n á gbé Bàbá jáde.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà ní mọ́ṣúárì di ìgbà ọyẹ́," ni ó wí. "Omi á ti sọ̀kalẹ̀. Ẹ wá gbẹ́ ẹ nígbà náà, ẹ má jẹ́ kó jìn púpọ̀, ẹ fi símẹ́ńtì mọ ọ́n yíká. Ilé wọn ni wọ́n fẹ́."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?" Ìyálé mi ló bi í.

"Kò sẹ́ni tó ń mu omi níbẹ̀ mọ́, Màmá. Bàbá ti rí sí ìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Àwọn ẹlòmíràn nínú ẹbí ní a fi òkú sílẹ̀, a ń ka oṣù, a ò dá wọn lóhùn. Nígbà tí ọyẹ́ mú, ilẹ̀ gbẹ dé ibi tí wọ́n gbẹ́ dé, àlùfáà wá, a sin Bàbá sí yàrá wọn.

Ohun tó tẹ̀lé e ni kò sẹ́ni tó rò tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Bí òkú bá kú fún wọn lójò, wọ́n á wá bi mí, "Ìyá, ọmọ yín tó mọ ìgbà tí omi ń sọ̀kalẹ̀, ibo la ti lè rí i?" Ó máa ń bínú sí i. Ó ní òun ò ka ìwé nítorí àtimáa yan ọjọ́ ìsìnkú.

Ọkùnrin kan láti ẹ̀bá Ẹnu Ọ̀wá bá a nílé mi lọ́jọ́ kan. Bàbá rẹ̀ ló kú, wọ́n fẹ́ sin ín sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ro ẹjọ́ rẹ̀ tán.

"Ṣé ẹ ní kànga nílé?" ni ọmọ mi bi í.

"A ní in. Omi rẹ̀ dáa gan-an."

"Ẹ kọ́kọ́ lọ dí i ná. Tí ẹ bá dí i, ẹ padà wá, màá sọ ìgbà tí ẹ máa gbẹ́lẹ̀ fún yín."

Ọkùnrin náà ní òun á lọ sọ fún ilé. Kò padà wá. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn obìnrin ilé rẹ̀ fárí gá, wọ́n ní àwọn ò lè máa ru omi láti òpópónà nítorí òkú kan. Wọ́n gbé bàbá náà lọ sí itẹ́.